Ta Ló Ń Kan Táǹkì Láti Inú?

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí resini, oje tí a fi ń mú fáíbà le, má gbẹ lọ́wọ́ mi mọ́ títí ayé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ fáíbà yóò mọ̀ pé èpè kékeré kọ́ ni mo ṣẹ́ lé ara mi lórí yẹn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Mò ń fi fáíbà ṣe bọ́ńpà mọ́tò àti táǹkì omi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomáíkò, mo sì ń bá àwọn ará ilé wa ní Ọ̀jọ́ tún ọkọ̀ ojú omi ṣe.

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà. Mi ò tòògbé. Òru kọ́, ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ Jímọ̀, oòrùn sì ń ta bí ẹni ń bínú. Mò ń sọ èyí ṣáájú nítorí mo mọ bí ẹnu yín ṣe rí.

Ọkọ̀ tí mò ń wí, ti Bọ̀dá Kàmórù ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ní agboolé wa, awakọ̀ ojú omi ni wọ́n. Àwọn ló máa ń gbé èèyàn láti Ọ̀jọ́ lọ sí àwọn abúlé tó wà ní òdìkejì omi. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, táǹkì epo onírin tó wà nínú ọkọ̀ wọn dípẹtà, wọ́n sì ní kí n bá wọn fi fáíbà ṣe òmíràn. Mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí a bá ti dé táǹkì epo pa tán, a kì í ṣàdédé da epo sí i. A máa dí gbogbo ojú ihò rẹ̀, a máa ṣẹ́ ẹyọ kan kù, a ó fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó sì fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo ojú oríkèé rẹ̀. Ibi tí ìfófòó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Bí àwọn oní-fọkanáísà ṣe ń wá ihò lára táyà náà ni, iṣẹ́ ìdajì wákàtí lásán.

Mi ò ṣe é. Iléyá ku ọ̀la, àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ létí omi, èmi náà sì fẹ́ lọ ra àgbò. Mo gbé táǹkì sínú ọkọ̀, mo ní ó ti parí. Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀.

Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí Bọ̀dá Kàmórù dá nìkan jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò sì padà wálé. Inú koríko odò ni a ti rí ọkọ̀ náà, kò fọ́, kò ya. Ẹ́ńjìnì dára. Ṣùgbọ́n táǹkì gbẹ táútáú. Ọjọ́ kejì ni a rí òkú wọn nínú omi. Bóyá wọ́n fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ wá ìrànlọ́wọ́ ni o, bóyá wọ́n yọ̀ ṣubú ni o, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Òjò ti rọ̀ sínú ọkọ̀ náà. Omi tó dúró sísàlẹ̀ rẹ̀ ń rùn bí epo díẹ̀, àmọ́ inú ọkọ̀ wo ni kì í rùn bí epo? Àwọn èèyàn ní wọ́n gbàgbé láti ra epo ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Nídìí àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́, níwájú ìyàwó wọn.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ láyé: ṣé táǹkì mi ló pa wọ́n?

Lọ́dún yìí, Wàsíù, àkọ́bí wọn tó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ní òun fẹ́ máa fi ọkọ̀ bàbá òun ṣiṣẹ́. Ìyá Wàsíù ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀yìnkùnlé wọn ni ọkọ̀ náà wà látọjọ́ yìí, wọ́n fi tàpólì bò ó. Mo tún ikùn rẹ̀ ṣe, mo pààrọ̀ pákó ìjókòó, ó wá kan táǹkì àtijọ́.

Ẹ fetí sílẹ̀ o. Mo lè dán táǹkì yẹn wò lọ́jọ́ náà. Ọṣẹ wà nílé, pọ́ǹpù wà nínú àpò irinṣẹ́ mi. Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn fún ọdún mẹ́rin ló wà níwájú mi yìí, mo lè rí ìdáhùn rẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ ìgé, mo gé e sí mẹ́rin, mo sì kó o sínú mọ́tò àwọn akódọ̀tí. Mo sọ fún Wàsíù pé ó ti gbó. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ẹ̀rù ló bà mí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ tuntun. Mo fara balẹ̀ ṣe é bí ẹni tó ń ṣe é fún ọmọ ara rẹ̀. Mo to aṣọ fáíbà ní ìpele ìpele, mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì fún un ní resini. Mo fi pákó méjì dábùú inú rẹ̀, kí epo má baà máa ru gùdù bí ìgbì bá dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí, bí mo ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé ni mo lẹ ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì dí gbogbo ihò rẹ̀. Ìyá Wàsíù ti lọ kí àbúrò wọn tó bímọ ní Ìjànìkin. Wàsíù wà ní ìhà Navy Town, ó ń wá mẹkáníìkì ẹ́ńjìnì. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìnkùnlé, mo jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mò ń dúró kó gbẹ.

Ìgbà náà ni nǹkan dún. Kín. Kín. Kín.

Ọkàn mi kò kọ́kọ́ mì. Resini a máa gbóná bó bá ń gbẹ, ó sì lè máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àmọ́ èyí kò dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, ó sún díẹ̀, ó tún dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ ohun tí mò ń gbọ́. Bí àwa oníṣẹ́ fáíbà ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò nìyẹn. A máa ń fi owó kọ́bọ̀ kan ara rẹ̀ láti igun kan dé ìkejì. Ibi tó bá mú dáadáa á dún kín. Ibi tí atẹ́gùn bá há sí lábẹ́ á dún bù. Ẹnì kan ń yẹ iṣẹ́ mi wò. Inú táǹkì tí mo ti dí pa ló sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo dìde. Mo wo abẹ́ ọkọ̀, mo wo ẹ̀yìn ògiri. Kò sí ẹran, kò sí alángbá. Mo gbé ọwọ́ lé táǹkì, ó gbóná bó ṣe yẹ kó gbóná. Nǹkan náà dé ojú oríkèé apá òsì, ló bá dún bù.

Mo mú kọ́bọ̀ tèmi, mo kan ibẹ̀ láti ìta. Bù. Bẹ́ẹ̀, mo ti yẹ ibẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ o, mo sì ti ní ó dára! Mo fi báírò sàmì sí i. Ẹ wò ó, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó yé yín: ó dúró dè mí títí mo fi sàmì tán, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Báyìí la ṣe é, èmi níta, òun nínú, títí a fi rí ibi mẹ́ta. Títí di òní, mi ò mọ ìdí tí mi ò fi sá.

Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, Ìyá Wàsíù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò tíì sọ báàgì wọn kalẹ̀.

"Ta lẹ tì mọ́ inú ẹ̀, ọkọ mi?" Ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó sùn lọ.

Mo mi orí. Nǹkan náà tún dún lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gbọ́ ọ, mo rí i lójú wọn pé wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n ní, "Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá."

Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò béèrè ẹni tí wọ́n ń pè ní "wọ́n." Àmọ́ mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu báyìí, obìnrin yìí máa gbọ́ ohun tí mo fi pa mọ́ fún un láti ọdún mẹ́rin. Mo la ẹnu náà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, táǹkì tí mo ṣe fún yín nígbà yẹn, ṣé ó jò ni?"

Lẹ́yìn náà ni ó dún lẹ́ẹ̀kan, ní àárín gbùngbùn ìdérí. Bù.

Mo fi kọ́bọ̀ kan ojú ibẹ̀ gan-an. Kín. Láti inú: bù. Láti ìta: kín. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì dún mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ló sọ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àbí kì í tilẹ̀ ṣe èmi ló ń dá lóhùn? Orí mi dàrú.

Ìyá Wàsíù jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dìde lórí rẹ̀. "Ẹ ò dán an wò nígbà yẹn," wọ́n ní. "Mo mọ̀. Bàbá Wàsíù kíyè sí i, wọ́n sì sọ fún mi. Mo ní kí wọ́n gbé e padà wá bá yín. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, kí ni àwọn tún ń dán wò."

Mo sunkún. Àgbàlagbà ni mí, mo sì sunkún níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n nà. Wọn kò bá mi wí, wọn kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, mo ha ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sàmì sí. Atẹ́gùn wà lábẹ́ gbogbo wọn, mo sì tún wọn ṣe. Mo gé ojú ihò sí àárín ìdérí níbi tó ti dún bù kẹ́yìn. Fáíbà ibẹ̀ le koránkorán, kò sí àbùkù kankan. Mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi òórùn resini. Mo wá pa ihò náà dé, a sì fi ọṣẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyá Wàsíù ló gbá abọ́ ọṣẹ mú. Kò hó níbì kankan.

Mo jẹ́wọ́ fún Wàsíù náà. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òun bá gbé ọkọ̀ náà jáde, èmi ni mo máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì.

Mo jókòó níbẹ̀. A dé àárín omi, ó pa ẹ́ńjìnì kí a lè fetí sí ọkọ̀. Láti abẹ́ ìjókòó mi, nǹkan dún lẹ́ẹ̀mẹta, ó sún díẹ̀, ó tún dún. Wàsíù ní epo ló ń lu pákó inú ẹ̀. Mo bi í pé ṣé táǹkì kò kún ni. Ó ní ó kún dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ táǹkì tó kún dẹ́nu, epo rẹ̀ kì í lu pákó. Ó tan ẹ́ńjìnì padà, a sì gba èbúté lọ.

Wàsíù ṣì ń gbé èrò títí di òní, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá jáde, mi ò kì í lè jẹun àfi bó bá pè mí pé òun ti dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ dán iṣẹ́ yín wò kí omi tó bá yín dán an wò. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán, tí ẹ̀rù sì ń bà yín láti wo ojú ibẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé táǹkì yẹn kò jò rárá. Ó ṣeé ṣe kó dá mi láre. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e sí mẹ́rin, kò sì sí òkú tàbí alààyè tó lè sọ fún mi mọ́.