Ariwo Tó Bo Orúkọ Mi Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bàbá mi jẹ́ tísà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Dókítà ní wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀fun wọn. Ó ní ara wọn máa yá, ṣùgbọ́n ohùn wọn lè má padà sípò. Àwa ọmọ mẹ́rin bá fẹnu kò pé ká gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi oríkì pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń pè wá ní kékeré. Èmi àbíkẹ́yìn, tí mo ní láptọ́ọ̀pù, niṣẹ́ já lé lórí.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n wọ ọsibítù nígbà tí mo mú wọn wá sílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo so máìkì mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo gba ohùn díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Hùùùùn! Àfi bíi pé oyin kún inú rẹ̀. Mo pa fáànù, mo pa fíríìjì, mo gbé fóònù jìnnà, mo pààrọ̀ wáyà máìkì. Hùùùùn! Bàbá kàn ń wò mí, wọ́n ń rọra wúkọ́.

Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Sàmù, wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀rọ wẹ́dà máa ń da iná láàmú? Mo fìbínú jáde, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ká sòótọ́, mi ò fi "jọ̀ọ́" kún un. Wọ́n ní àwọn ò tíì tan ẹ̀rọ látàárọ̀, ṣùgbọ́n nítorí Bàbá, àwọn ò ní tàn án. Mo rò pé irọ́ ni.

Bí mo ṣe wọlé báyìí, NEPA mú iná lọ. Mo yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò lára iná, mo tún dán máìkì wò. Ariwo ti dákẹ́! Ṣé ẹ rí i? Mo ní wẹ́dà yẹn náà ni!

Bátìrì ṣì wà, Bàbá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Àkànní, wọ́n fà á gùn. Wọ́n pe Àjàní. Wọ́n pe Àbẹ̀kẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

Ó wá ku èmi. Iná dé!

Kí la máa ń ṣe nílùú yìí tí iná bá dé? Kí n tó ronú, mo ti ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá Sàmù kúkú ti ṣèlérí. Mo juwọ́ sí Bàbá pé kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n pe Àṣàkẹ́, èmi ni wọ́n sì pè pẹ́ jù. Ó ti rẹ̀ wọ́n, mi ò tẹ̀ ẹ́ gbọ́ kí n tó dá wọn padà sílé.

Ẹ ti mọ ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ kejì: hùùùùn, lórí oríkì tèmi nìkan. Wọ́n ti gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà yẹn.

A dúpẹ́, ara wọn yá. Ohùn ni kò padà.

Bọ̀dá Sàmù wá kí wọn nílé mi. Mo tẹ ariwo náà fún wọn gbọ́, wọ́n wo ṣájà mi, wọ́n béèrè ibi tí ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀ wà. Mo ní kò wọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n mi, mo bá ní kí ẹnì kan bá mi gé e. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀. Wọ́n ní ṣé ara láptọ́ọ̀pù náà kì í ta mí lọ́wọ́ ni? Ó máa ń ta mí o! Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ní kí n so máìkì, hùùùùn! Wọ́n yọ ṣájà, ariwo lọ. Wọ́n dá a padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ariwo dé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ojú tì mí gan-an.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n súnmọ́ wọn, wọ́n gbìyànjú láti pè mí. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Wọ́n bá di ọwọ́ mi mú.

Mo ti gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo náà, ṣùgbọ́n ó ń yọ nínú ohùn Bàbá mọ́ ọn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gé ẹsẹ̀ ṣájà o! Ẹ yọ ṣájà kúrò lára iná tí ẹ bá ń gba ohùn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ gbọ́ kí ẹni náà tó dìde. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á. Ṣùgbọ́n tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ lọ gba ohùn tiẹ̀ ná.