Àdúrà Tí Wọ́n Fi Ń Bú Ara Wọn

Ọdún méjìlélógún ni aránṣọ yìí ti ń jókòó sórí àga kan náà ní ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin, láti ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ibẹ̀ ló ti sunkún tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì sẹ́yìn, ogun ló ń gbé lọ síbẹ̀.

Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ló ń bá jà. Ẹ̀yìn aṣọ ìgbéyàwó tí aránṣọ rán fún ọmọ oníbúrẹ́dì ló ya níwájú pẹpẹ. Oníbúrẹ́dì ní ìlara ló fi rán an, torí ọmọ aránṣọ, tó ń gbé nílùú míì, kò tíì rí ọkọ. Aránṣọ ní òun wọn ọmọ náà dáadáa. Búrẹ́dì ìyá rẹ̀ ló jẹ lájẹjù kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó.

Onígbàgbọ́ kì í bú èèyàn, nítorí náà àdúrà ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Bó bá kan oníbúrẹ́dì, á ní kí Olúwa gba ìjọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́wọ́ burúkú. Bó bá kan aránṣọ, á bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú àwọn tí ahọ́n wọn mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọn kì í dárúkọ. Àwọn tó kù á máa rọra ṣe àmín bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. Nígbà tó yá, àwọn mẹ́ta ò wá mọ́. Wọ́n ní ìjà tó wà nílé tó àwọn.

Ní Ọjọ́rú kan, Màmá Àgbà, opó tó ń darí ìpàdé náà, ní ó tó gẹ́ẹ́. Láti òní lọ, kálukú yóò sọ ìṣòro rẹ̀ síta, ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀ yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò sì gbàdúrà lórí ìyẹn nìkan. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó fi ìpàdé sílẹ̀. Ó wá mú oníbúrẹ́dì jókòó sápá ọ̀tún aránṣọ.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún ẹlòmíì,” ni aránṣọ wí.

“Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn ẹ.”

Aránṣọ ò dìde. Níbo ló fẹ́ lọ? Ilé tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀?

Oníbúrẹ́dì ní òun ò ní ìṣòro kankan. Màmá Àgbà ní àwọn á dúró. Wọ́n sì dúró, ẹnì kan ń wúkọ́, títí ọ̀rọ̀ fi jáde lẹ́nu oníbúrẹ́dì bí ohun tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ojú mi ni. Ooru ààrò ti ba ọ̀tún jẹ́. Dókítà ní ká máa ṣọ́ òsì.”

Ọ̀rọ̀ tí aránṣọ máa fi gún un ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: Olúwa, ojú tó ń wá àléébù ẹlòmíì kiri… Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dì mú le, àpá iná sì kún un.

“Olúwa,” ló wí, “mi ò fẹ́ràn obìnrin yìí. O mọ̀, òun náà mọ̀. Fi ojú òsì sílẹ̀ fún un. Kó máa rí mi, kó máa rí ẹni bú.”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà wò ó, onítọ̀hún gbé ẹ̀rín mì. Oníbúrẹ́dì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó nù ún mọ́ aṣọ bí ẹni tó tọwọ́ bọ ẹrẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú ká, oníbúrẹ́dì dúró lórí àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Aránṣọ kọjá lára rẹ̀, ó padà, ó na ìgbọ̀nwọ́ sí i láìwojú rẹ̀.

“Má rò pé ìjà ti parí,” ni oníbúrẹ́dì wí, ó di ìgbọ̀nwọ́ náà mú.

“Ta ló sọ pé ó ti parí? Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló kù. Gbé ẹsẹ̀ ẹ jẹ́jẹ́.”