Ọ̀gànwó Tí Àjíṣafẹ́ Ní Ó Kún

Kó, kó, kó. Ìró yìí ni Àjíṣafẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ láyé, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Bàbá rẹ̀ a gbé e sí èjìká, wọn a wọ inú igbó ẹ̀yìn Ìgbòho, bàbá a fi ẹ̀yìn àdá kan ìdí igi, a dákẹ́, a tẹ́tí. Igi tí inú rẹ̀ kún a dáhùn ní kúkúrú, bí ẹni tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó ti ṣófo a fa ohùn rẹ̀ gùn, bí ìkòkò tí kò sómi nínú rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ọ?" ni bàbá a bi í. Ọmọ ọdún mẹ́rin a forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ sì ni, ó gbọ́.

Ẹ̀kọ́ yẹn ló fi ń jẹun títí ó fi di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà ní Abuja, tí òun àti Àlímátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Orozo, tó ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé igi nínú ọgbà àwọn èèyàn. Àwọn agégi pọ̀ nílùú náà, ṣùgbọ́n bí igi bá ti dàgbà, tí onílé ò mọ̀ bóyá kí òun gé e tàbí kí òun fi í sílẹ̀, Àjíṣafẹ́ ni wọ́n ń pè. Wọ́n ti pè é dé Maitama rí nítorí igi kan ṣoṣo. Yóò kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, yóò gbé etí lé e, yóò ní "ó kún" tàbí "ó ti ṣófo." Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, àwọn tó ń gbé inú ọgbà àwọn ilé alájà mẹ́ta kan ní Galadimawa ránṣẹ́ sí i. Igi mẹ́rìnlá ló wà nínú ọgbà náà, gbogbo wọn ló ti darúgbó. Ẹ̀ka ọ̀kan ti já lu mọ́tò lọ́dún tó kọjá. Àwọn kan ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kí wọ́n gbin tuntun. Àwọn mìíràn ní ta ló máa gbé inú oòrùn Abuja láìsí ibòji. Fọlákẹ́, obìnrin ará Kàbbà tó jẹ́ alága wọn, ló là wọ́n níjà.

"Ẹ jẹ́ ká pe Bàbá. Èyí tó bá ní ó ti ṣófo, a ó gé e, a ó fi ọmọ igi rọ́pò rẹ̀. Èyí tó bá ní ó kún, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Àjíṣafẹ́ kan gbogbo wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mẹ́jọ kò ṣòro: olú ti hù lára wọn, èèpo wọn ti ń ṣí. Ó ku mẹ́fà tí ara wọn ń dán. Ọ̀gànwó ńlá kan wà nínú mẹ́fà náà, níwájú ilé kejì, tí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀. Ó kàn án. Kó. Ó tún un kàn. Ó gbé etí lé e.

"Màdáámú, inú èyí kún fọ́fọ́. Á rí ọmọọmọ yín."

Fọlákẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ́kọ́ bá mi wá ọkọ ná, Bàbá!"

Bùsàrí, ọmọ Igbó-Ọrà tó ti ń bá a gun igi láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lọ ra okùn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti gé márùn-ún nínú mẹ́jọ. Bùsàrí ń ká okùn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Àjíṣafẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilé kejì, ó ń gbẹ́ ihò tí ọmọ igi àkọ́kọ́ máa wọ̀. Ọ̀sán gangan ni. Atẹ́gùn ò fẹ́. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn kò mira.

Ohun kan bà á lẹ́yìn orí. Ògúlùtu ni. Ó gbójú sókè láti bú ẹni tó sọ ọ́, ó rí Bùsàrí tó ń sáré bọ̀, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́. Mẹ́gádì káwọ́ lérí. Kò sí èyí tó ń wo òun nínú wọn. Ohun kan lẹ́yìn òun ni wọ́n ń wò. Ó yíjú padà.

Ọ̀gànwó náà ń bọ̀.

Ó fò kọjá ihò, ó ṣubú, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ na ẹ̀yìn rẹ̀ bí pàṣán. Ilẹ̀ mì títí dé inú eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dé etí rẹ̀ kò ju ìró ilẹ̀kùn tí aládùúgbò pa dé lọ.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, bẹ́ǹṣì ti di igi ìdáná. Fèyí, ìyá ọlọ́mọ kan tó ń gbé nísàlẹ̀, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ló ti ń ṣa ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan. Ìkúnwọ́ ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un pọ̀ pinpin.

"Bàbá, mo pè yín! Igi yẹn ń já pà, pà, bí ìbọn, gbogbo wa sá, ẹ̀yin ń gbẹ́lẹ̀ lọ! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

 Àjíṣafẹ́ ti dé ìdí igi. Inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ara tó ṣẹ́kù yí ká kò nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bùsàrí fi ṣọ́bìrì kan ìtì igi tó wó náà, Fèyí sì ta gìrì. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Òfìfo gbáà!"

Àjíṣafẹ́ gba ṣọ́bìrì. Ó kan igi. Kó, ní kúkúrú. Ó tún fi agbára kàn án. Kó. Ojú rẹ̀ rí ihò tí ewúrẹ́ lè bímọ sí. Etí rẹ̀ ní ó kún.  Ó rántí Àlímátù, tó jẹ́ pé láti ọdún tó kọjá, kò jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ti rò pé ìfẹ́ ni.

Fọlákẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀, èrò péjọ. Bàbá Ọláníyan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ má dá agégi lẹ́bi o. Òjò àná ló mú ìdí rẹ̀ rọ̀. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni." Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń bá Àjíṣafẹ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ.

Fọlákẹ́ sún mọ́ ọn, ó gbóhùn sókè. "Bàbá, a dúpẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ku márùn-ún tí ẹ ní ó kún. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ilé ìwé máa já àwọn ọmọ sí láìpẹ́. Ṣé ká fọkàn balẹ̀?"

Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Bó bá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní bàjẹ́, àwọn fúnra wọn ti wá àwáwí sílẹ̀ fún un. Bó bá sọ òdìkejì, ta ni yóò tún pe adití pé kó wá gbọ́ ohùn igi?

"Mi ò mọ̀," ó ní.

"Kí lẹ ò mọ̀?"

"Màdáámú, etí mi ti lọ. Nígbà tí mo kan igi yín, ohùn tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni mò ń gbọ́ nínú orí mi. Kì í ṣe èyí tó ń dún."

Fọlákẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Bùsàrí tẹ orí ba. Nígbà tó gbé e sókè, ó sún mọ́ etí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ó ti tó ọdún kan tí mo ti mọ̀."

Àjíṣafẹ́ wò ó bí ẹni tí igi kejì wó lù. "O mọ̀?"

"Kí ni kí n ṣe? Nígbà tí mo ní ẹ lọ rí dókítà, ẹ ní ṣé mo ti ń wo ayùn yín bí ogún ni. Látìgbà yẹn, tí ẹ bá ti kan igi, èmi náà á lọ kàn án ní kọ̀rọ̀. Tí kò bá bára mu, màá ní mo rí ikán lókè. Ẹ̀yin náà á ní, 'Mo ti fura.'" Ó nàka sí ọ̀gànwó tó wó. "Ọjọ́ Ajé nìkan ni mi ò sí. Mo ní tí a bá gé mẹ́jọ tán, màá yẹ ìyókù wò. Ta ló máa wo ojú àgbà kó sọ fún un pé etí rẹ̀ ti kú?"

Odidi ọdún kan. Gbogbo igi tí wọ́n fi yìn ín lọ́dún náà, Bùsàrí ló gbọ́ ọ.  Àjíṣafẹ́ na ṣọ́bìrì sí i.

"Lọ kàn wọ́n. Kí Màdáámú gbọ́."

Ó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí kò lè gbọ́ igi mọ́, ojú Fọlákẹ́ ló ń wò. Igi àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ kò yí. Ìkejì. Ìkẹta. Ìkẹrin. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Bùsàrí kan igi ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, Fọlákẹ́ sì fi ẹ̀yìn rìn, ó fa fóònù yọ.

"Dírẹ́bà, má wọlé o! Dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ ní ráńdábáàtù! Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀!"

"Kai," ni mẹ́gádì wí, ó gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi náà.

Àjíṣafẹ́ na ọwọ́ sí ayùn, bó ti máa ń ṣe. Bùsàrí rọra dì í mú. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Ọ̀gá. Tí mo bá pariwo látòkè, ẹ ò ní gbọ́." Àjíṣafẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa lọ sinmi nílé," Fọlákẹ́ ní.

"Ihò mi ò tíì jìn tó, Màdáámú."

Ó padà síbẹ̀ lóun nìkan. Ó kó ewé ọ̀gànwó tó ti dà sínú rẹ̀ jáde, ó gbẹ́ ẹ dé orókún. Ó fi ọ̀bẹ la ọ̀rá dúdú tó wà nídìí ọmọ àgbálùmọ̀ kan, kò jẹ́ kí erùpẹ̀ já kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó dì í mú kó dúró ṣánṣán, ó fi ọwọ́ kejì wọ́ ilẹ̀ dúdú bò ó, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yí ká. Ó ri ọ̀pá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àkísà so wọ́n pọ̀, kò fún un jù. Lẹ́yìn náà ó lọ pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, ó dà á díẹ̀díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó dúró kí ilẹ̀ mu ún tán, ó sì da ìyókù sí i.