Ẹkún Inú Fíìmù

Ojú mi kì í gbé jẹ́ẹ́ bí mo bá ń wo fíìmù ayé àtijọ́. Bí ọba bá jókòó sórí ìtẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi ń wò. Mo ti rí tánkì omi oníke dúdú lẹ́yìn ààfin rí. Mo ti rí jagunjagun tó so aago mọ́wọ́. Bí mo bá ti rí irú rẹ̀, màá dá fíìmù dúró, màá dá a padà sẹ́yìn, màá sì pariwo. Àwọn ará ilé mi ní Bódìjà ti sá fún mi. Màmá mi, tí wọ́n wá láti Òkè-Ògùn wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, nìkan ló ń fara dà á, Màmá náà a sì máa kanra: "Ṣé fíìmù lò ń wò ni, àbí ò ń ṣọdẹ àṣìṣe?"

Lọ́sàn-án Sátidé kan tí wọn ò mú iná lọ, a ń wo ọ̀kan tí ilẹ̀gbóná ti wọ ìlú. Ọmọ ọba kú. Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún, gbogbo obìnrin ààfin sì bá a sun ún. Bó ṣe gbé apá sókè ni mo rí àpá róbótó nísàlẹ̀ èjìká rẹ̀. Olorì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí òyìnbó tó dé! Ẹ̀rín pa mí. Mo dá a dúró.

"Màmá, ẹ wo apá rẹ̀!"

Màmá ò wo apá kankan. "Ẹkún yẹn gan-an ni irọ́," ni wọ́n wí. "A kì í sunkún ẹni tí ilẹ̀gbóná bá mú lọ. Ọpẹ́ là ń dá. Ẹni tó bá sunkún, wọ́n ní ilẹ̀gbóná á tún padà wá mú ẹlòmíì nínú ilé."

Èyí dùn mọ́ mi ju àpá lọ. Ìbéèrè bo ẹnu mi: ta ló ń sin òkú? Ṣé àwọn ọmọdé náà máa ń dúpẹ́?

"Mo dúpẹ́," ni Màmá wí. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú lọ. Òun ló ń pọ̀n mí. Àwọn alábẹ́rẹ́ ò tíì dé abúlé wa nígbà náà. Ìyá wa kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, wọ́n ní kí èmi náà dúpẹ́."

Látọjọ́ tí mo ti dáyé, àkọ́bí ìyá wọn ni mo mọ Màmá sí. Ojú tì mí fún ẹ̀rín tí mo rín, mo bá jẹ́ kí fíìmù náà máa lọ. Àwọn ìjòyè ti ń ṣèpàdé.

"Dá a padà sẹ́yìn," ni Màmá wí.

"Ṣé kí ẹ lè rí àpá yẹn ni?"

"Fi àpá sílẹ̀ jàre. Ibi tí wọ́n ti ń sunkún yẹn."

Mo dá a padà. Bí olorì ṣe tún káwọ́ lérí, Màmá náà káwọ́ tiwọn lérí.