Èènì Orí Ife Óòtì

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́fà, ní ìyá àgbà méjì nílùú Ìbàdàn. Èmi ni Màmá Bódìjà. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ni Màmá Challenge. Orúkọ àdúgbò wa ló fi ń pè wá. Bó bá lo Sátidé kan lọ́dọ̀ mi, á lo èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dọ̀ wọn. Mo rò pé a dọ́gba, títí di àárọ̀ ọjọ́ tó wò mí lójú tó ní:

"Màmá, bísíkíìtì óòtì tí Màmá Challenge ń ṣe máa ń yọ́ lẹ́nu. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò rántí ìbéèrè ọmọdé tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí ìyàwó ọmọ mi bá mi gba bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù: ife óòtì méjì, ife ìyẹ̀fun kan, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin kan. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ohun tó jáde le bí òkúta. Ọmọ náà bu ẹyọ kan jẹ, ó rọra gbé ìyókù sílẹ̀.

"Ẹ ṣé, Màmá. Mo ti yó."

Bẹ́ẹ̀, kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, ibì kan náà ló ń já sí. Ó wá dá mi lójú pé àna mi fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. N kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ìkíni mi lórí fóònù kúrú. Ìgbà tí ọmọ náà wá béèrè bóyá òun lè máa lọ sí Challenge ní gbogbo Sátidé, mo di ife mi àti óòtì mi sínú báàgì, mo mú un lọ́wọ́, a wọ takisí.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá wa," ni àna mi wí. Mo ro ẹjọ́ bísíkíìtì mi tó ń le fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ wọn óòtì yín kí n rí i."

Òṣùwọ̀n kékeré kan wà lórí tábìlì ìdáná wọn. Wọ́n gbé ife òfìfo lé e, wọ́n tẹ ẹ́ kó padà sí òdo. Mo bu óòtì bí ìyá mi ṣe kọ́ mi: mo gbọ̀n ọ́n kó wálẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kó èènì lé e títí ó fi ga bí òkìtì.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Màmá! Ta lẹ fẹ́ ta óòtì fún?"

"Ṣé kí n wá máa ṣahun sí ọmọ ọmọ mi ni?"

Àádóje gíráàmù ni òṣùwọ̀n kọ. Wọ́n da óòtì inú ife náà padà, wọ́n rọra bu òmíràn, wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá a dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ife. Àádọ́rùn-ún.

"Ife méjì tí mo kọ, ọgọ́sàn-án gíráàmù ni. Tiyín jẹ́ ọ̀tàlérúgba. Óòtì yín ló ń fa gbogbo bọ́tà mu."

Èmi tí mo fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún pé ife ń wọn àyè, òṣùwọ̀n ń wọn ìwúwo. Pé ife ṣúgà kan wúwo ju ife óòtì kan lọ! Bí àna mi bá tilẹ̀ fi mí ṣẹ̀sín, ì bá sàn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n tọ́ mi sọ́nà, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tí kò mọ ìṣirò.

Nígbà tí mo ń padà, mo yà ra òṣùwọ̀n ní ọjà Dùgbẹ̀. Sátidé tó kàn mí, mo wọn ọgọ́sàn-án gíráàmù géérégé. Ọmọ náà jẹ ẹyọ kan, ó jẹ èkejì, ó dì mọ́ mi.

"Màmá, ó dà bíi ti Màmá Challenge gan-an!"

Mo ní kó tún un tọ́ wò dáadáa.

"Gan-an ni! Màmá, ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ lọ fún wọn."

Mo ka mẹ́fà sínú ike, mo dé e. N kò fi èènì sí i.