Sáàmù Ayọ̀ Lórí Àìsàn Ọkọ Mi

Mi ò fẹ́ràn àwọn obìnrin yẹn, mi ò sì ní í purọ́ nítorí pé ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àwọn mẹ́rin máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich wá sí fúláàtì wa ní Thamesmead, ní London níbí, láti wá kọ sáàmù ayọ̀ àti ìwòsàn lé ọkọ mi lórí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Odidi oṣù márùn-ún, kò sọ gbólóhùn kan sí mi.

Èmi ni mò ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó lọ máa yí àwọn arúgbó òyìnbó padà ní ilé ìtọ́jú ní Shooters Hill. Àwọn yìí á pàtẹ́wọ́, wọ́n á mu mọ́ọ̀tì inú fíríìjì mi, wọ́n á lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lọ́jọ́ kan, olórí wọn, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Mummy Choir, kọjú sí mi.

“Sister, ẹ smile now. Sáàmù ayọ̀ là ń kọ. Ojú yín tó le yìí ló ń block healing Daddy.”

Ara mi gbóná. Mo ṣílẹ̀kùn.

“Mummy, ẹ ṣé. Ẹ máa lọ. Ẹ má padà wá mọ́.”

Wọ́n ṣì ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ohùn ọkọ mi jáde láti inú yàrá. Ó gba orin náà níbi tí wọ́n dá a dúró sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ gaara. Mummy Choir ké halelúyà. Mo tì í jáde, mo sáré wọlé, mo ní kí ọkọ mi pe orúkọ mi. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, nǹkan kan ò jáde. Ìlara mú mi, mi ò ní í fi pa mọ́.

Òyìnbó tó ń wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ sọ pé kò ya òun lẹ́nu. Ó ní irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń lè kọrin kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀, kí n máa fi orin tó mọ̀ bi í léèrè nǹkan.

Mo jókòó tì í, mo fajú ro, mo ń kọ orin ayọ̀ bí ẹni tó ń jà. Ó ń gbè é. Mo fi ohùn sáàmù náà bi í pé kí ló fẹ́.

Ó kọrin dá mi lóhùn: “Wọ́n dà?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn. Mo mú fóònù, mo pe obìnrin tí mo kórìíra jù ní gbogbo London, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ máa bọ̀.