Ṣùkúrátù Kò Gba Àmì Ẹ̀yẹ Wọn

Aránṣọ ni Ṣùkúrátù, ní Múṣin. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Múṣin ni wọ́n bí òun sí, oríta àdúgbò wa sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa àti ti òdìkejì ń fi ìgò àti àdá bá ara wọn jà. Gbogbo wa tilẹ̀kùn mọ́rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣùkúrátù gbé àga sí àárín oríta, ó jókòó, ó ń ṣẹ́tí bùbá.

"Ẹni tó bá máa sọ ìgò, èmi ni kó sọ ọ́ lù," ló wí.

Kò pẹ́ tí obìnrin márùn-ún mìíràn fi gbé àga tiwọn náà jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń jókòó síbẹ̀, títí àwọn ọ̀dọ́ náà fi gbà láti jọ sọ̀rọ̀. Tìrìmísíyù, jórinjórin àdúgbò wa, ló gbé bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi ṣèpàdé wá. Ìjà náà parí.

Lọ́dún yìí, àwọn olóṣèlú kan ní àwọn fẹ́ fún Ṣùkúrátù ní àmì ẹ̀yẹ àlàáfíà. Kó tó di ọjọ́ ètò náà, ọlọ́pàá mú Tìrìmísíyù, wọ́n ní ó wà lára àwọn tó jà nígbà yẹn.

Nígbà tí wọ́n pe Ṣùkúrátù sórí pèpéle, ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò gbà á. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Tìrìmísíyù ti wà látìmọ́lé, ẹ ò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ ò lè máa bá mi ya fọ́tò, kí ẹ sì ti ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ náà mọ́lé."

Alága ètò sún mọ́ ọn. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn tó bá yá."

"Ìsinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ọ́."

Wọ́n pa gbohùngbohùn náà. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohùn tó ti ń borí ariwo jẹnẹrétọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò nílò ẹ̀rọ.

Nílé, ẹ̀rù ba Múrítàlá ọkọ rẹ̀. "Wọ́n á wá mú ọ."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ dúró níwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n lé wọn, wọ́n padà wá. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ṣùbòmí, lọ́yà kan tó máa ń gbèjà àwọn tó wà látìmọ́lé lọ́fẹ̀ẹ́, gbọ́ nípa wọn, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Adájọ́ béèrè ẹni tó rí Tìrìmísíyù níbi ìjà náà. Àwọn ọlọ́pàá kò rí ẹlẹ́rìí kankan mú wá. Ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí òsì Tìrìmísíyù kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, nítorí ìgbátí tó jẹ nínú àtìmọ́lé. Nígbà tí àwa ará àdúgbò ń yọ̀, Ṣùkúrátù ní, "Wọ́n dá a padà, àmọ́ wọn ò tíì dáhùn fún etí rẹ̀."

Òun àti Ṣùbòmí kọ̀wé ẹ̀sùn sí olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá. Oṣù mẹ́rin ti kọjá, èsì ò dé. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Ṣùkúrátù ń lọ béèrè. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, àwọn á pè é.

Ó ní kò sí wàhálà, òun á máa wá títí wọ́n á fi pè.